Ògbólógbòó àti Àga Àkọ́kọ́-Dé

Bí ìgbéraga bá jẹ́ fìlà, ti Ògbólógbòó ì bá ti bò ó dé àgbọ̀n. Òun ni ó fún ara rẹ̀ lórúkọ yìí nínú ẹgbẹ́ olólùfẹ́ eré tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan. Ó tún ki ara rẹ̀ ní Abẹ́rẹ́-lọ-kí-okùn-tó-tọ̀-ọ́, ó sì ń fi ewú etí rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé òun ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́.

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ fẹ́ yan alága, ó ti gbé àga onítìmùtìmù síwájú gbọ̀ngàn kí àwọn yòókù tó dé.

"Ẹni tí kò bá wa sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dún àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ yìí kò gbọdọ̀ dìbò. Kí ó lọ dúró lẹ́yìn!"

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọn kò tíì bí wa nígbà náà."

"Ẹ̀bi ta ni?"

Àwọn ọ̀dọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ògbólógbòó ti ń fojú wọn ìbú àga náà.

Ìgbà náà ni màmá kan dìde. Kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé tí ó ti ṣiṣẹ́ ni ó fi ń bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ náà. Ó sì máa ń tẹ ọ̀rọ̀ wọn sórí ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ọmọdé tí kò ní kọ̀ǹpútà.

Ó bi Ògbólógbòó pé, "Ọmọ mi, níbo ni ìwọ ti ń wọlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dún náà?"

"Ilé wa ni, mà. Wáyà tẹlifóònù la fi ń wọlé nígbà yẹn. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n!"

"Mo mọ̀ ọ́n. Bí ìyá rẹ bá wá fẹ́ pe ènìyàn ńkọ́?"

"Wọ́n á gbé fóònù, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wọn lọ, èmi náà á máa kọ̀wé mi lọ. Wáyà kan, kò síjà!"

Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan tí ó jẹ́ atúnfóònùṣe di ikùn mú.

"Ó mà ṣe o! Nílé tiwa, bí wọ́n bá ti gbé fóònù báyìí, íńtánẹ́ẹ̀tì já nìyẹn! Ìfọ́tí ló sì ń tẹ̀lé e!"

Ẹ̀gbọ́n Ògbólógbòó obìnrin, tí ó tẹ̀ lé e wá láti pàtẹ́wọ́, kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Àbúrò mi, o fi pọ́dà mi kun irun kí ó lè dà bí ewú, mi ò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù wo la ní? Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́ nígbà náà, o ṣì ń tọ̀ sórí ẹní!"

Màmá jókòó sórí àga náà jẹ́ẹ́. "Òfin yìí á parí lónìí. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí ẹni tí ó ṣe é."

Ògbólógbòó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà sún fún un, ó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ̀bi ta ni?"