Àkọlé Lẹ́tà Tó Tú Ilẹ̀kùn Ilé Mi

Títí ayé mi, Ọjọ́bọ̀ kan báyìí ò ní kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá rántí rẹ̀, màá kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ojú kí n tó rẹ́rìn-ín.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Mowe. Èkó ni ọ̀pọ̀ onílé wa ń gbé, ayálégbé ló wà nínú ilé wọn, nítorí náà ímeèlì ni mo fi ń kọ lẹ́tà ẹgbẹ́ sí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Fóònù mi máa ń sọ iye ẹni tó ṣí i. Nínú ọgọ́ta, mẹ́sàn-án ló máa ń ṣí i, èmi fúnra mi sì wà nínú mẹ́sàn-án yẹn.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ le. Tiransifọ́mà iná kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ fún àdúgbò wa àti àdúgbò kejì. Bí ọgbọ̀n onílé ò bá wá fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé e fún. Alhaja alága wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ránṣẹ́ pè mí.

"Akọ̀wé, lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, kí ló fi yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ò kọ?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Ọgbọ̀n èèyàn ni mo fẹ́. Ẹ pín wọn sí méjì. Ẹ fi àkọlé kan ránṣẹ́ sí apá kan, kí ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ sí apá kejì. Ẹ jẹ́ ká wo èyí tí wọ́n máa ṣí."

Ti àkọ́kọ́ ò le: "Ìpàdé ẹgbẹ́ onílé ní Sátidé." Ti èkejì ni mo jókòó tì. Mo bi ara mi pé kí ló lè mú èmi ṣí lẹ́tà kíákíá? Ẹni tí katakata ìjọba ti wó ilé rẹ̀ rí ni mí o, ilé àkọ́kọ́ tí mo kọ́, ní Akute. Látìgbà náà, bí mọ́tò ńlá bá kọjá lójú títì, ògiri ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ̀rù ló ń mú mi ṣí lẹ́tà. Ni mo bá kọ ọ́: "Ẹ sáré wá ní Sátidé. Ó kan ilé yín." Irọ́ kọ́. Iná ò kan ilé ni?

Lọ́jọ́ kejì, mo wà ní Ibafo, ní ṣọ́ọ̀bù ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń fi fóònù han Màmá Tọ́pẹ́ tí a jọ ń tajà.

"Apá kìíní, ẹni mẹ́rin. Apá kejì, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n! Ẹnì kan tiẹ̀ ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Ẹ wo bó ṣe fẹ́ràn lẹ́tà mi!"

"Lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá? Ṣé ara rẹ̀ yá?"

Mo kà á sí ìlara. Mo ra búrẹ́dì ńlá kan, mo forí lé ilé.

Láti ìkòríta ni mo ti rí ilẹ̀kùn kan tó fara ti igi máńgòrò. Mo ní, "Ilẹ̀kùn yìí jọ tiwa." Tiwa ni. Kápẹ́ńtà wà lórí àkàbà, ó ń tú fèrèsé. Ìyàwó mi jókòó sórí àpò aṣọ. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ilé wa, apá kejì ló sì bọ́ sí. Lórí ilé kejì, Ẹnjiníà tó ni ín, tó sáré dé láti Èkó, ti ṣí páànù mẹ́ta kí katakata má bàa ba wọ́n jẹ́. Ayálégbé rẹ̀ ń wo ojú ọ̀run láti inú pálọ̀.

"Kí ló dé tó ò pè mí?" ni mo bi ìyàwó mi.

"Ẹni tó ní kò sí nǹkan kan ní Akute, títí katakata fi dé ẹnu ọ̀nà, òun ni kí n pè? Bàbá Bọ́lá, ẹ tún gbé e pamọ́ fún mi! Ẹ wá kọ ọ́ sí mi bí ẹni ń kọ̀wé sí àlejò!"

"Ṣé o ka inú rẹ̀ ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni mo ṣí i. Ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ọmọ! Níbo ni ilé wà níbẹ̀?"

Òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré ni mo ṣe kọ ọ́: ìkíni ṣáájú, àdúrà tẹ̀ lé e. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni tiransifọ́mà wà. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ níwájú kápẹ́ńtà.

Ní Sátidé, gbogbo ẹni tó ṣí i ní apá kejì dé pẹ̀lú ìwé ilẹ̀, lọ́yà méjì sì bá wọn wá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé iná lásán ni, èébú ò mọ níwọ̀n.

"Akọ̀wé, ẹ fẹ́ fi àkọlé pa mí!"

Alhaja kàn na bírò sí wọn. "Ẹ bú u dáadáa. Bí ẹ bá bú u tán, ẹ fọwọ́ síbí."

Àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yẹn àti mẹ́rin láti apá kìíní: ọgbọ̀n géérégé. Tiransifọ́mà di tiwa.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fẹ́ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Mo kọ àkọlé kan sí gbogbo wọn: "Kò sí ohun tó ṣe ilé yín." Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, gbogbo ọgọ́ta ti ṣí i, fóònù mi ò sì sinmi: "Akọ̀wé, ta ló sọ pé nǹkan ṣe é?"

Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹ̀rù máa ń ṣí lẹ́tà, àmọ́ kì í jẹ́ kéèyàn kà á. Nísinsìnyí, ohun tó wà nínú lẹ́tà ni mo ń kọ sí àkọlé, ìkíni ló ń gbẹ̀yìn. Nǹkan bí ogún èèyàn ló ń ṣí i, wọ́n ń kà á tán, kò sí ẹni tó ń gun òrùlé. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Àmọ́ nígbà míì tí wọ́n bá kéré, ọwọ́ mi á máa yún mi láti tún kọ "Ẹ sáré wá." Èmi náà á rẹ́rìn-ín ara mi, màá rọra gbé fóònù sílẹ̀.