Àdúrà Ìyá Àgbà Tó Sọnù Sínú Ẹ̀rọ

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, bí mo bá tilẹ̀ darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́ náà ni mo sọ àdúrà ìyá àgbàlagbà kan nù. Ẹ má rò pé àlọ́ ni mò ń pa. Àdúrà gidi ni, àwọn ènìyàn ti ṣe àmín sí i, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi sọ ọ́ nù ní Gáńhì, ní ìlú Kútọnu, ní ọ̀sán gangan, tí ìwé ẹ̀rí tí mo gbà ní yunifásítì wà lára ògiri lẹ́yìn mi tó ń wò mí.

Ilé-iṣẹ́ fídíò kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Obìnrin ará Kétu kan ló ni ín, Tàńtí ni gbogbo wa ń pè é. Ìgbéyàwó, ìrìbọmi, ìsìnkú, kò sí ayẹyẹ tí a kì í yà. Fòfó Rómúà ló ń gbé kámẹ́rà. Fòfó ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní Kútọnu, ó sì tọ́ sí i, torí ó ti ń yàwòrán kí n tó dá ṣòkòtò wọ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Ṣẹ́fù, ìyẹn ọ̀gá, ni wọ́n ń pè mí, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ.

Gbogbo fídíò tí Fòfó bá yà, inú ẹ̀rọ ńlá kan ní yàrá ẹ̀yìn là ń kó wọn sí. Sẹ́fà la ń pè é. Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú á gba orí wáyà rán fídíò sí i, sẹ́fà á sì dá a lóhùn pé òun ti gbà á. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé sẹ́fà wa lọ́ra bí ìgbín. Bí Fòfó bá ki káàdì kámẹ́rà bọ kọ̀ǹpútà, ó lè lọ jẹ ẹ̀wà, kó mu omi lé e, kó sùn díẹ̀, kó sì padà wá bá a lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Tàńtí dúró sí ẹ̀yìn mi, ó kùn.

"Ṣẹ́fù, ṣé ẹ̀rọ yìí ń kọ fídíò pamọ́ ni, àbí ó ń hun ún bí ẹní?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀rọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀nà méjì ni irú rẹ̀ lè gbà ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ń gbé àpò àgbàdo fún ẹnì kan kó bá yín kó wọn sí yàrá. Ẹni kìíní á gbé àpò wọlé, á tò ó dáadáa, á padà wá sẹ́nu ọ̀nà kó tó sọ pé, "Ó ti wọlé, ẹ gbé òmíràn wá." Ẹni kejì á gbà á lọ́wọ́ yín, á jù ú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì ti pariwo pé "Ó ti wọlé!" kí àpò tó kanlẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, á máa kó wọn wọ yàrá díẹ̀díẹ̀. Ti ẹni kejì yá púpọ̀. Ohun kan ló burú níbẹ̀: bí òjò bá ká àpò mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún pé ó ti wọlé, ẹ ti lọ sílé lọ sùn. Nínú sẹ́fà, iná tó bá lọ ni òjò náà. Gbogbo ohun tó bá ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lásìkò yẹn, ó parun nìyẹn.

Ti ẹni kìíní ni sẹ́fà wa ń ṣe. Mo jókòó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà nínú ètò rẹ̀, mo sì sọ ọ́ di ẹni kejì.

Ẹ̀yin ará, ó di eré! Káàdì tó ń gba àkókò oúnjẹ tẹ́lẹ̀ wá ń tán kí Fòfó tó rí àga jókòó. Tàńtí pàtẹ́wọ́. Ó ra ohun mímu tútù fún mi, ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ọmọ Nàgó, ìyẹn ọmọ Yorùbá gidi, ló ń tọ́jú ẹ̀rọ òun. Orí mi wú. Níbi tí orí mi ti wú náà ni mo tún gbọ́n àgbọ́njù. Bátìrì ńlá kan wà lábẹ́ sẹ́fà tó máa ń gbé e ró bí iná bá lọ. Tàńtí ní ó ń dun òun pé tẹlifíṣọ̀n tó wà fún àwọn oníbàárà níwájú máa ń kú bí iná bá ti lọ. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Tàńtí." Mo tú bátìrì kúrò lábẹ́ sẹ́fà, mo gbé e sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ọpọlọ mi ló ṣe é.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Tàńtí, ṣe ìgbéyàwó. Gàbọ́n ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń lọ gbé. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹbí lọ sí Kétu, kí Ìyá Àgbà, ìyá Tàńtí, lè súre fún wọn, torí ẹsẹ̀ mama kò gba ìrìn àjò mọ́. Fòfó ya gbogbo rẹ̀ sínú káàdì kan. Kí Àbẹ̀kẹ́ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó di ọwọ́ mi mú, omijé wà lójú rẹ̀.

"Ṣẹ́fù, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ò tilẹ̀ ráyè ṣe fídíò yòókù, ẹ fi àdúrà Ìyá Àgbà ránṣẹ́ sí mi. Mi ò mọ̀ bóyá màá tún bá wọn láyé. Ohùn wọn ni mo fẹ́ máa gbọ́ nílé mi."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní ó wà lọ́wọ́ èmi.

Fòfó gbé káàdì náà dé Gáńhì lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ń kánjú, torí wọ́n ń dúró dè é ní yunifásítì Kàláfì láti ya akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń parí ẹ̀kọ́. Mo ki káàdì bọ̀ ọ́. Kíá, kọ̀ǹpútà ní ó ti tán. Ohun tí Fòfó máa ń ṣe ni pé kété tí ẹ̀rọ bá ti ní òun gbà á, á pa ohun tó wà nínú káàdì rẹ́ láti fi ya òmíràn. Lọ́jọ́ yẹn, ó kọ́kọ́ bi mí.

"Àbúrò, ṣé kò yá jù báyìí? Ó dá ẹ lójú?"

"Fòfó, ó dá mi lójú ju orúkọ mi lọ. Ẹ pa á rẹ́."

Ó pa á rẹ́, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Bó ṣe ń yí kọ́nà ni iná lọ.

Yàrá ẹ̀yìn dákẹ́ rọ́rọ́. Níwájú, tẹlifíṣọ̀n kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Oníbàárà kan na ọwọ́ sókè sí mi tayọ̀tayọ̀. "Ṣẹ́fù, a ó máa rí yín bá! Iná lọ, bọ́ọ̀lù ò lọ!" Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, mo sì sáré wọ yàrá ẹ̀yìn.

Nígbà tí iná dé, mo tan sẹ́fà. Orúkọ fídíò náà wà níbẹ̀ gbágbáágbá: Àdúrà Ìyá Àgbà. Orúkọ nìkan ló wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ ṣófo bí igbá alágbe tó kọ́kọ́ jí dé ìta. Sẹ́fà ti gba àdúrà náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ó ti wọlé, òjò sì ká a mọ́bẹ̀.

Mo pe Fòfó, kò gbé e. Mo fò lé zẹ́mì, alùpùpù akérò, mo ní kí ẹni tó ń gùn ún máa sáré lọ sí Kàláfì. Bí mo ṣe dé ọgbà yunifásítì, mo rí Fòfó lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti gbé kámẹ́rà sójú. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà ti yege, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ń da pọ́dà lé e lórí bí a ti máa ń ṣe. Mo sáré wọ àárín wọn, mò ń ju ọwọ́, mò ń kígbe pé "Ẹ dúró! Ẹ dúró!" Wọ́n rò pé ayọ̀ ló ń pa mí. Ìyá kan tó sanra gbá mi mọ́ra, ó da odindi agolo pọ́dà lé mi lórí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dé!" Fòfó yà á. Gbogbo rẹ̀, títí kan èmi tí mo funfun bí iwin, ló ti gorí ibi tí àdúrà wà nínú káàdì. Kò sí ohun tí a lè yọ níbẹ̀ mọ́.

Báyìí ni mo ṣe padà sí Gáńhì, tí pọ́dà wà nínú irun àti etí mi. Tàńtí jókòó níwájú pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ọkọ Àbẹ̀kẹ́, obìnrin tó fẹ́ bá wa gbé fídíò náà lọ sí Gàbọ́n lópin ọ̀sẹ̀.

"Ṣẹ́fù, ta ló fi pọ́dà kùn ọ́ bí ìyàwó?" Tàńtí rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, fi àdúrà ìyá mi han ìyáàfin."

Mo gbìyànjú àtiparọ́, irọ́ ò wá. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, mo ro gbogbo ẹjọ́, àti ti ọ̀rọ̀ tí mo yí padà, àti ti bátìrì. Ẹ̀rín kúrò lójú Tàńtí. 

"Ohùn ìyá mi lo sọ nù. Ìwọ àti Rómúà, ẹ jọ lọ sí Kétu lọ́la. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá sọ fún wọn."

A bá Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀gúsí lábẹ́ igi lẹ́bàá ilé. A kí wọn, a kí wọn, títí ìkíni fi tán lẹ́nu mi.

"Ìyá, ẹ má bínú. A ti sọ àdúrà yín nù."

"Ẹ sọ ọ́ nù síbo?"

"Sínú ẹ̀rọ ni, Ìyá. Mo ní ó ti wọlé, kò sì tíì wọlé."

"Ẹ lọ wá a níbẹ̀ nígbà náà." Wọ́n bu ẹ̀gúsí sí i. "Èyí tí mo rán sí Ọlọ́run ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tiyín lẹ sọ nù."

Mo pe Àbẹ̀kẹ́ lórí fóònù. Ẹkún ni ó fi bẹ Ìyá Àgbà, ni mama bá rọ̀. Àmọ́ wọ́n ní àwọn kì í súre fún afẹ́fẹ́, wọn kì í sì í súre fún fóònù. Àfi kí ènìyàn méjì kúnlẹ̀ níwájú àwọn, ọkọ àti ìyàwó. Kò sí ẹlòmíràn nílé. Fòfó gbé kámẹ́rà lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó kọ ojú rẹ̀ sí Ìyá Àgbà, wọ́n sì ní kí Fòfó, pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀, ró aṣọ kó ṣe ìyàwó. Èmi ni ọkọ.

"Bí ẹ ti jọ jáde yìí, ẹ ó jọ gbó, ẹ ó jọ tọ́."

"Àmín!"

Ìyá Àgbà wò mí. "Ṣé ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé, Ìyá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ṣé ìwọ tó sọ bẹ́ẹ̀ lánàá náà ni? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Fòfó dìde, ó ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó gbé ohùn náà sí wọn létí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí, wọ́n ní kó padà wá kúnlẹ̀. Wọ́n ṣe àdúrà kejì. "Ṣé ó ti wọlé? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ." Báyìí ni a ṣe ń bá a lọ. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ àdúrà mìíràn láìtíì gbọ́ èyí tó ṣáájú dópin. Ó lọ́ra ju sẹ́fà mi àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù. Orúnkún mi ń pariwo. Iyanrìn Kétu ti wọ inú ẹran ara mi. Mo wá dọ́gbọ́n kan láti mú un yá: bí mama bá ti la ẹnu báyìí, mo ti ń ṣe "Àmín!"

 Mama kàn tẹ́ ọwọ́ sókè fún àdúrà tó kẹ́yìn, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ẹni tó máa ń ní òun ti ṣe é kó tó ṣe é…"

"Àmín!" mo ké.

"…tó ń ní òun ti gbà á kó tó gbà á, Ọlọ́run ò ní fi irú rẹ̀ ṣe ọkọ ọmọ rere kankan."

"Ó ti wọlé," ni Fòfó wí, ẹ̀rín ń pa á kú lọ.

Mo bẹ Tàńtí pé kó jẹ́ kí n gé ìparí yẹn kúrò. Ó ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa gé nínú àdúrà ìyá òun. Fídíò náà dé Gàbọ́n, ó wà ní Kútọnu, ó wà ní Kétu. Àbẹ̀kẹ́ rí ohùn tó ń fẹ́ gbà, ó ní òun máa ń gbọ́ ọ ní gbogbo òwúrọ̀ kí òun tó jáde.

Mo dá sẹ́fà padà sí bó ṣe wà, mo gbé bátìrì rẹ̀ padà sábẹ́ rẹ̀, Tàńtí kò sì kùn mọ́. Èmi náà kọ́gbọ́n: bí nǹkan bá ṣe pàtàkì, kí n jẹ́ kó wọlé tán kí n tó ní ó ti wọlé. Mo mọ iṣẹ́ mi dáadáa, ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Gáńhì. Ìyàwó ni mi ò tíì ní. Àwọn ẹbí ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́ rí fídíò náà lóṣù tó kọjá, wọ́n bi mí pé ta ni ọ̀dọ́kùnrin tí àwọn gbọ́ ohùn rẹ̀, tó fi gbogbo ara ṣe àmín sí àdúrà tó kẹ́yìn yẹn, torí ó jọ pé ó nígbàgbọ́ gan-an. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.