Candido Àti Àwọn Ewé Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin òǹkàwé ọlọ́lá, àgbà àti èwe, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹni tí ó wà ní ìdúró, kí ó jókòó. Ẹni tí ó ti jókòó, kí ó jọ̀wọ́ má ṣe sùn.

Ọ̀gbẹ́ni Candido ti Lafiaji ní àrùn kan tí kò sí nínú ìwé oníṣègùn: ó gbà pé òun lè fi imú gbóòórùn ọ̀lẹ. Kí ó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ni ní ọ́fíìsì kan ní Marina, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa dá àwọn òṣìṣẹ́ tí kò wúlò dúró.

"Bí ọ̀lẹ bá yán ní Ìkòyí," a máa wí, "èmi yóò sín ní Lafiaji!"

Ìyàwó rẹ̀ ti di olóògbé tipẹ́. Nígbà tí ó wá rí Monica, opó kan ní Pópó Àgùdà tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó ní kí ó fẹ́ òun. Monica ní òun yóò dá a lóhùn ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ tí àwọn Àgùdà ń fi wàrà àgbọn se ẹ̀wà, tí wọ́n sì ń fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́.

Ibẹ̀ ni ẹnu Candido ti ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ má ra tòmátì kankan fún ọbẹ̀ náà! Ọgbà mi lórí dẹ́kìn ilé ti ń tanná!"

Monica rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ ọkùnrin pọ̀ ní Èkó, Ọ̀gbẹ́ni. Bí tiyín bá so, ìdáhùn mi náà lè so."

Candido sáré gun dẹ́kìn lọ. Inú ike ọ̀dà ni àwọn tòmátì rẹ̀ wà. Ó wò wọ́n, imú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Òdódó kò pọ̀. Ewé ni ó kún fọ́fọ́. Ewé kò tanná, ewé kò so, wọ́n kàn na ara sílẹ̀ nínú oòrùn bí ẹni tí ó lọ gbafẹ́ ní etíkun! Omi tí òun fi orúnkún arúgbó gbé gun àtẹ̀gùn ni wọ́n sì ń mu!

"Àgbà kì í wà lórí dẹ́kìn," ni ó wí, "kí ewé ó máa ṣe fàájì!"

Ó fa àlùmọ́gàjí yọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dá gbogbo ewé dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Àlímọ̀t, ará ìsàlẹ̀ ilé, gun òkè wá sá aṣọ. Ó dúró sojú kan. "Bọ̀dá Candido, ṣé igi pákò ni ẹ gbìn ni?"

"Mo lé àwọn ọ̀lẹ ni! Èso nìkan ni yóò máa mu omi báyìí."

"Háà! Ẹ bọ́ wọn sí ìhòòhò!"

Kò pẹ́, àwọn òdódó náà rẹ̀ dànù. Candido ní ebi ni. Ó po tíì oníwàrà, ó da ṣúgà sí i, ó sì bù ú sí ìdí tòmátì kọ̀ọ̀kan. Èèrà gbọ́, èèrà dé. Wọ́n mu tíì tán, wọ́n sì gba okùn aṣọ kọjá.

"Bọ̀dá!" Àlímọ̀t lọgun láti ìsàlẹ̀. "Èèrà ti wọ ṣòkòtò ọkọ mi, bàbá Muqtadir! Ó ń jó ní ìyẹ̀wù, ẹnikẹ́ni kò sì kọrin!"

Ọjọ́ Ẹtì Rere pé. Candido ti ilẹ̀kùn, ó ní ara òun kò yá. Monica fúnra rẹ̀ ni ó wá kàn án.

"Ẹja ti délé. Ẹ mú mi lọ sí ọgbà."

Wọ́n gun òkè. Monica wo àwọn igi ṣanṣan náà títí. Ewé kan ṣoṣo ni ó bọ́ lọ́wọ́ àlùmọ́gàjí, tí ó sá pamọ́ sí ẹ̀yìn ike. Ó rọra gbé e sókè sí oòrùn.

"Ẹ wò ó. Ó fẹ̀, kí oòrùn lè ríbi jókòó. Ó fẹ́lẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ inú rẹ̀. Iṣan wọ̀nyí ni ọ̀nà: omi ń gbà á wọlé, oúnjẹ ń gbà á jáde. Àwọn ẹnu wẹ́wẹ́ tí ojú wa kò tó wà lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Afẹ́fẹ́ àti omi ni èlò ọbẹ̀, oòrùn ni iná, ewé ni ilé ìdáná. Ẹ lé alásè jáde, ẹ wá jókòó ti tábìlì!"

"Ṣùgbọ́n n kò rí i kí wọ́n ṣe nǹkan kan rí," ni Candido wí.

"Ìdí tí ìdáhùn mi kò fi tíì so nìyẹn. Èmi náà fẹ́ràn láti jókòó sínú oòrùn lójú fèrèsé. Bí ẹ bá kọjá, tí ẹ kò rí ohun tí mo ń ṣe, ṣé àlùmọ́gàjí ni ẹ óò fà yọ?"

Ẹ̀rín Àlímọ̀t bú jáde láti ẹ̀yìn aṣọ.

"Ọbẹ̀ ńkọ́?" Ohùn Candido ti di ti ẹ̀fọn.

"Mo ti fi tòmátì alágolo sè é láti àárọ̀."

"Ẹ kò gbà mí gbọ́?"

"Mo gbà yín gbọ́, Ọ̀gbẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo ní àlejò."

Láti ìgbà náà, Candido kò fọwọ́ kan ewé mọ́. Àwọn igi náà rúwé padà, wọ́n sì so: tòmátì kan péré, tí kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Ó fẹ́ gbé e lọ fún Monica. Àlímọ̀t ní kí ó kọ́kọ́ dì í sínú ìwé, kí ó má baà sọnù sínú àpò rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé kí ó gbé e lọ, àbí kí ó jẹ ẹ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á ní ìmọ̀ràn.