Ṣíbí Lẹ́nu Ife

Ní ìlú Sivas ní Tọ́kì, yunifásítì rán Berrin, ọmọ Tọ́kì tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Jámánì, lọ bá Màmá Müzeyyen. Berrin fẹ́ fi ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Tọ́kì dán an wò. Ìtọ̀ tí kì í fara balẹ̀ ni ìbéèrè ọ̀hún dá lé. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá ga ni dókítà máa tọ́jú.

BERRIN: Màmá, ṣé ìtọ̀ máa ń gbọ̀n yín lójijì, tí ẹ ò ní lè mú un mọ́ra?

MÜZEYYEN: Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

BERRIN: Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

MÜZEYYEN: Ọpẹ́ ni. Ife rẹ ti gbẹ.

(Ó bu tíì sí i. Berrin mu ún.)

BERRIN: Ṣé ó máa ń dí yín lọ́wọ́ tí ẹ bá ń lúwẹ̀ẹ́?

MÜZEYYEN: Mi ò lúwẹ̀ẹ́ rí.

BERRIN: Tí ẹ bá ń sáré ìdárayá ńkọ́?

MÜZEYYEN: Ta ló ń lé mi? Ọkùnrin ló kọ ìbéèrè yìí?

BERRIN: Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òyìnbó.

MÜZEYYEN: Ó hàn.

(Ó tún bu tíì.)

BERRIN: Òdo ni àmì yín, mà. Ara yín le.

MÜZEYYEN: Ó le. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì fojú kan ọmọọmọ mi ní ìlú Kars lọ́hùn-ún.

BERRIN: Kí ló dá yín dúró?

MÜZEYYEN: Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kì í dúró lọ́nà.

BERRIN: Nítorí ìtọ̀?

MÜZEYYEN: Ṣé o gbọ́ ìtọ̀ lẹ́nu mi? Mu tíì rẹ.

(Berrin gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e lé e. Màmá bu tíì.)

BERRIN: Màmá, báwo ni àlejò ṣe ń sọ pé òun ti yó tíì?

MÜZEYYEN: A kì í sọ ọ́. Ṣíbí la máa ń gbé dábùú ẹnu ife.

BERRIN: Ẹ ò sì sọ fún mi.

MÜZEYYEN: Mo ní a kì í sọ ọ́.

(Berrin gbé ṣíbí dábùú ẹnu ife.)

BERRIN: Ẹ jọ̀ọ́, ilé ìtọ̀ dà?

MÜZEYYEN: Ọkọ mi wà níbẹ̀, ó ń ṣe àlùwàlá. Kì í kánjú.

(Ó fa ìwé ìbéèrè sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì fi pẹ̀lẹ́ kà á.)

MÜZEYYEN: Ọmọ mi, ṣé ìtọ̀ máa ń gbọ̀n ọ́ lójijì, tí o ò ní lè mú un mọ́ra?

(Berrin wo ilẹ̀kùn.)

BERRIN: Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, mà.

MÜZEYYEN: Ó ti yé ọ wàyí. Àmì tó o bá kọ fún ara rẹ, kọ ọ́ fún mi.