Bí Ọládọ̀tun Ṣe Gba Oyè Nínú Ọgbà Àjàrà

Ohun kan ṣoṣo ni ẹnu Ọládọ̀tun kò lè sọ láyé yìí: "N kò mọ̀." Bi í léèrè ọ̀nà New Cross, á júwe rẹ̀ fún ọ. Bi í léèrè ọ̀nà òṣùpá, á ní kí o dé New Cross ná, kí o wá yà sọ́wọ́ òsì.

Nígbà tó gbọ́ pé mò ń lọ lo ọjọ́ mẹ́rin ní Burgundy, níbi tí àwọn Faransé ti ń gbin àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì, ó bẹ́ dìde lórí àga.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò máa bá yín gbọ́ èdè? Èmi tí mo gbé Kútọnu!"

Ọjọ́ mẹ́ta ló gbé Kútọnu. Ọkọ̀ àlòkù ló lọ rà, kò sì rí i rà.

Ìyàwó mi, Magdalene, ló ti gba ìjókòó méjì sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀ kó tó kú. Ọ̀kan ṣófo. Mo rò ó pé ariwo Ọládọ̀tun á sàn ju àga òfo lọ. Mo ní kó máa bọ̀.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá ní Peckham níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù. A kì í mu ọtí. Ẹni tó bá sì wọ sùtánà nínú wa, ẹsẹ̀ lásán ló ń rìn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìrìn àjò yẹn ni wọn yóò fi òróró yan Ọládọ̀tun sípò àgbà nínú ìjọ. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń retí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fò ó.

Àwọn òyìnbó East Dulwich tó ti fẹ̀yìn tì ló kún bọ́ọ̀sì. Ká tó dé etí òkun, Ọládọ̀tun ti ṣàlàyé ilẹ̀ Faransé fún gbogbo wọn. Wọ́n ní ohun tí àgbà bá rí ní ìjókòó, ọmọdé gun igi kò lè rí i. Ọládọ̀tun jókòó láti Peckham dé Burgundy, kò rí nǹkan kan. Ẹnu rẹ̀ ló dí i lójú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a wọ ilé oúnjẹ. Ó gba ìwé oúnjẹ lọ́wọ́ mi, ó fi ìka tọ́ ọ̀kan. "Èyí ni wọ́n máa ń jẹ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa." Wọ́n gbé ìgbín méjìlá wá. Kò sí èyí tó ju àtàǹpàkò lọ.

"Ẹ̀gbọ́n! Ọmọ ìkókó ni wọ́n sè yìí! Ìgbín ọjà Rye Lane kan ṣoṣo á pọn gbogbo wọn!"

Agbáwo bá a sọ Faransé kan tó gùn bí okùn kànga. Ọládọ̀tun mi orí, ó fi Faransé sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. "Wíì."

Wọ́n gbé méjìlá mìíràn wá.

Ọjọ́ kẹta, wọ́n mú wa wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó àgbá wáìnì sí. Àwọn òyìnbó ń tọ́ ọ wò, wọ́n ń tu ú sínú korobá, bí àwọn tó mọ ọtí ṣe máa ń ṣe. Ọládọ̀tun fi ìgbúnwọ́ gún mi.

"Ẹ wò ó! Ọlọ́run ń bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń tu ú!"

Ọjọ́ kẹrin jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ó jáde sí mi pẹ̀lú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, ó sì fi àmùrè oyè tí wọn kò tíì fi í jẹ di ìdí.

"Ọládọ̀tun, àmùrè ta nìyẹn?"

"Mò ń dán an wò ni, ẹ̀gbọ́n. Ta ló mọ̀ mí níbí?"

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọdún àjàrà ní abúlé náà. Àwọn ọkùnrin bí ogójì ń tò bọ̀ lójú títì, aṣọ ńlá pupa títí dé kókósẹ̀, fìlà lórí, àmì idẹ lọ́rùn. Ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ wáìnì ni wọ́n. Wọ́n ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó yọjú, ó tún wọ sùtánà!

Olórí wọn, bàbá arúgbó onírùngbọ̀n kan, rí i, ó ṣí fìlà. Ó bi í ní nǹkan.

"Wíì," ni Ọládọ̀tun wí.

Ó tún bi í.

"Wíì, wíì."

"Kí ni wọ́n ń sọ?" ni mo bi í.

"Wọ́n ní àwọn ti ń retí mi."

Wọ́n fi í síwájú. Ẹnì kan rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta, ó gbé bàtà wá. Ọládọ̀tun kọ̀ ọ́. Ariwo ayọ̀ sọ! Àṣé ẹni tí kò bá wọ bàtà lọ́jọ́ náà ló wá tẹ àjàrà. Wọ́n gbé e sókè, ó di inú ọpọ́n onígi kan tó tóbi bí yàrá, àjàrà mù ún dé orúnkún. Ó ń tẹ̀, ó ń yọ̀, ó ń ṣubú. Sùtánà funfun di àwọ̀ àlùkò, àmùrè di okùn ewúrẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín. Láti oṣù kejì tí Magdalene ti kú, èmi ò tíì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé e jáde, wọ́n ní kó na ọwọ́ sókè. Olórí ń sọ, Ọládọ̀tun ń tẹ̀ lé e bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n fi àmì idẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n wá gbé ife fàdákà kan wá, wáìnì kún un dé ẹnu. Gbogbo abúlé ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n ṣe?"

"Sọ fún wọn pé o kì í mu ọtí. Sọ ọ́ ní Faransé."

Ó wò mí. Ó wo ife. Ó gbé e mì. Wọ́n rọ òmíràn sí i.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó sùn títí dé etí òkun. Nígbà tó jí, ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ife yẹn, àárín àwa méjèèjì ni o. Tí Olùṣọ́ ìjọ wa bá gbọ́, oyè mi ti lọ nìyẹn."

Mo ní kò séwu. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ẹni tí kò lè dákẹ́ lòun fúnra rẹ̀. Ká tó dé Peckham, ó ti ya fọ́tò ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún un, ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìjọ: "Ilẹ̀ Faransé ti dá mi mọ̀. Ó ku ilé."

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Òróró ti wà nínú ìgò. Olùṣọ́ Ọbanijésù ní kí Bethany, ọmọ ìjọ wa, ka ìwé náà sétí ìjọ kí á tó yàn án. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní New Cross ni Bethany ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé. Ó wò ó, ó gbé ojú sókè.

"Uncle, are you sure? Ṣé kí n kà á?"

"Kà á sókè, my dear! Jẹ́ kí wọ́n gbọ́!"

Ó kà á. "Èmi, Ọládọ̀tun, olórí ẹ̀ka ti Lọ́ńdọ̀nù, mo búra pé n ó máa mu wáìnì lójoojúmọ́ títí ọjọ́ ikú mi. N kò ní fi omi là á láéláé. Mo jẹ́rìí pé àkèré ni Ọlọ́run dá omi fún. Ife mẹ́rin ni mo fi fi èdìdì dì í."

Olùṣọ́ rọra dé ìgò òróró.

"Ọládọ̀tun, a kì í yan ẹni tí wọ́n ti yàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà fún ọ."

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń pọn omi tí a fi ń gbàdúrà. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá Àkèré.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, korobá lọ́wọ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ ti ràn.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn bàbá yẹn pè mí lórí fóònù. Bethany bá mi gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo ti dáhùn ni ó dé. Gbogbo àwọn ogójì ló ń bọ̀. Wọ́n ń gbé àgbá bọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni àwọn fẹ́ wá kí ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù, nínú ìjọ."

"Kí lo wá fún wọn lésì?"

Ó gbé korobá sílẹ̀.

"Wíì."