Igba Owó Bébà Tó Wọ Inú Ààrò Búrẹ́dì

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, ẹjọ́ owó tí kò dín, tí kò sì lé, tí ẹni tó ni ín sì fárígá pé òun kò ní í gbà á.

Ìyàwó ẹni tó ni owó jókòó sórí àga onígi lẹ́yìn pátápátá, ojú rẹ̀ kò kúrò lára aago ara ògiri. Aago méjì ti kọjá. Tó bá di aago mẹ́rin, onílé yóò fi ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọ̀nà lé ẹni tó bá san owó lọ́wọ́, ṣọ́ọ̀bù tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́ta tọ́jú owó fún. Onígbàjámọ̀ kan ti wà nílẹ̀ tó ti ka owó tirẹ̀ sílẹ̀. Onílé fúnra rẹ̀ ti wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ààfin, kí ẹnikẹ́ni má baà ní àwọn wá òun tì.

Ọkọ rẹ̀ kò tiẹ̀ wo aago. Alágbàfọ̀ ni, Bàbá Máhunjọ sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé ohunkóhun tó bá hunjọ kì í jẹ́ kó sinmi. Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń lọ aṣọ ìbusùn, ó ń lọ aṣọ ìnujú. Owó pàápàá, ó ń lọ̀ ọ́. Bí oníbàárà bá ti sanwó tó kẹ́yìn, Bàbá Máhunjọ á wọ́n omi díẹ̀ sí owó bébà náà, á gbé áyọ́ọ̀nù lé e, á wá tẹ́ ẹ sínú páálí pẹlẹbẹ kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ìparí oṣù, á gbé e lọ sí báǹkì lórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ tó kún.

Kábíyèsí ní kó sọ ẹjọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ gbé àyà sókè díẹ̀ kí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ má baà rún.

"Kábíyèsí, igba owó bébà ni mo kó fún wọn láàárín ọdún mẹ́ta, gbogbo wọn ló gún régé. Mo lọ gbà wọ́n láàárọ̀ yìí, ọmọbìnrin yìí kó ìdọ̀tí fún mi."

"Ìdọ̀tí báwo?"

"Owó tó rún, Kábíyèsí. Ọ̀kan ń rùn. Ọ̀kan, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀."

"Ṣé igba náà pé?"

"Ó pé."

"Kí ló wá dé?"

"Tèmi kọ́, Kábíyèsí. Àwọn tí mo fi ọwọ́ ara mi lọ̀ ni mo fẹ́."

Ọmọbìnrin tó ń bá wí ni akọ̀wé tó ń sanwó ní báǹkì. Àǹtí Ẹ̀yìn-Gíláàsì ni wọ́n ń pè é, torí pé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn gíláàsì ló máa ń wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ títí di àná pé ó ga tó bẹ́ẹ̀. Kábíyèsí bi í pé níbo ni owó ọkùnrin yìí wà.

"Wọ́n wà níbi iṣẹ́, Kábíyèsí."

"Owó wà níbi iṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá yìí rò pé ńṣe la tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún owó wọn. Owó kì í sùn lọ́dọ̀ wa. A ti yá oníbúrẹ́dì lówó náà, òun ló fi mọ ààrò tuntun."

Wọ́n pe ọ̀gá báǹkì kó wá jẹ́rìí. Ọ̀gá tún táì rẹ̀ ṣe, ó búra pé gbogbo owó tí aráàlú kó wá ló wà nínú àpótí irin, pé ọwọ́ òun ni kọ́kọ́rọ́ wà, àti pé ẹyọ kan kò sọnù. Ibi tó jókòó sí ni wọ́n ti pe oníbúrẹ́dì, tó dìde pẹ̀lú ìyẹ̀fun ní ìpéǹpéjú.

"Irọ́ ni ọ̀gá ń pa, Kábíyèsí. Owó yẹn wà nínú ààrò mi. Bíríkì ni mo fi rà. Bàbá Máhunjọ gan-an ń jẹ lára rẹ̀ láràárọ̀."

Bàbá Máhunjọ fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀, bí ẹni pé ó lè bá owó rẹ̀ níbẹ̀.

Kábíyèsí ní kí akọ̀wé sọ èwo ni òótọ́. Ọmọ náà ní òótọ́ làwọn méjèèjì sọ, pé ibi mẹ́ta ni owó náà wà. Ó wà nínú ìwé báǹkì Bàbá Máhunjọ, torí báǹkì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ó wà nínú ààrò, torí oníbúrẹ́dì náà jẹ báǹkì ní gbèsè. Díẹ̀ sì wà nínú àpótí irin fún ẹni tó bá wá gba tirẹ̀.

"Owó kan ṣoṣo, ibi mẹ́ta?"

"Ohun tí wọ́n ń pè ní báǹkì nìyẹn, Kábíyèsí."

Ọ̀rọ̀ yìí ló jí ìjòyè àgbà. Láti ìgbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń tòògbé, ṣùgbọ́n ó gbọ́ "díẹ̀" yékéyéké. Ẹgbẹ̀rún owó bébà ló ní ní báǹkì náà.

"Tèmi ńkọ́, níbo ló wà?"

"Tiyín wà lórí ilé ìwé, olóyè. Òun ni wọ́n fi kan òrùlé."

"Ta ló ní kí ẹ gbé owó mi gun òkè?"

Ó ti ń wá bàtà rẹ̀. Ìjòyè kejì náà dìde, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e. Ọ̀gá báǹkì ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé owó tó wà nínú àpótí tó ẹni mẹ́wàá gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì sí ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀ tó tún lè sọ. Àwọn mẹ́rìndínlógún ló wà nínú yàrá náà, gbogbo wọn ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara wọn.

Ìyàwó alágbàfọ̀ tún wo aago. Bí àwọn àgbàlagbà yìí bá fi eré dé báǹkì, owó tó rún náà kò ní í sí mọ́, ṣọ́ọ̀bù ti lọ nìyẹn. Inú ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ń dùn, ó ń sọ fún ẹni tó bá gbọ́ pé ṣé wọ́n ti rí ohun tí òun ń wí.

Kábíyèsí ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí oníkálukú padà jókòó, kí wọ́n gbọ́ àṣẹ.

"Ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ lónìí, kí ó lọ gbà á níbi tó wà. Báǹkì ò gbọdọ̀ dá a dúró. Ìjòyè àgbà, ẹ wá àkàbà, ẹ lọ tú páànù ilé ìwé, kí ẹ ṣọ́ra fún ìṣó. Àwọn tí tiwọn wà nínú ààrò, búrẹ́dì mẹ́wàá ni fún owó bébà kan. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ wá."

Ìjòyè kejì, tí tirẹ̀ wà nínú ààrò, ń fi ìka ṣírò. Nígbà tó dé orí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta búrẹ́dì, ó rántí pé ilé òun ò ní ju yàrá méjì lọ, ó sì jókòó. Ìjòyè àgbà bọ́ bàtà padà, ó ní kò sí ìkánjú nínú ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀gá báǹkì nu ojú. Kábíyèsí wá kọjú sí Bàbá Máhunjọ.

"Ìwọ ńkọ́? Igba owó tó rún, àbí ẹgbàá búrẹ́dì?"

Bàbá Máhunjọ rò ó díẹ̀. "Kábíyèsí, màá gba búrẹ́dì. Búrẹ́dì kì í hunjọ."

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ti lù. Lẹ́nu ọ̀nà, onílé ń na ẹsẹ̀. Ìyàwó dìde. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ yìí, ó ti pinnu pé kò ní í jáde lẹ́nu òun láéláé, kì í ṣe torí ìbínú ọkọ rẹ̀, bí kò ṣe torí ìtìjú tó máa bá ọkọ náà. Ó fẹ́ràn bí ojú ọkùnrin náà ṣe máa ń rí lópin oṣù tó bá gbé owó yẹn sórí àtẹ́lẹwọ́.

"Kábíyèsí, ẹ forí jì mí. Owó tí ọkọ mi ń wá yìí, kò mọ̀ ọ́n rí."

"Mo mọ owó mi," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Baálé mi, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bí epo ìdáná bá tán, inú páálí yẹn ni mo ti ń mú. Bí ọmọ bá nílò ìwé, ibẹ̀ náà ni. Bí àwọn tí mo bá tún aṣọ wọn rán bá wá sanwó, màá dá a padà. Oṣù tí òjò kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, ẹni mélòó ló gbé aṣọ wá fún yín? Síbẹ̀, ẹ bá owó bébà márùn-ún nínú páálí. Ṣé ẹ rò pé owó ń bímọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni? Abẹ́rẹ́ mi ló kó wọn wá. Nínú igba yẹn, ti abẹ́rẹ́ lé ní ọgọ́rùn-ún."

Oníbúrẹ́dì ń wo ilẹ̀. Bàbá Máhunjọ wo ìyàwó rẹ̀ títí. Nígbà tó máa yanu, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ta ló ń lọ̀ wọ́n?"

"Èmi ni. Bí ẹ bá ti gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà."

"Ọdún mẹ́ta. Mi ò rí ìlà kan lára wọn."

"Mo máa ń wọ́n omi sí i dáadáa."

Ó yíjú sí ọba. "Kábíyèsí, obìnrin yìí mọ áyọ́ọ̀nù lò jù mí lọ." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n jà lólè, tó sì tún ń fi olè náà yangàn.

Kábíyèsí kò bá ìjòyè kankan jíròrò. Ó ní kí Bàbá Máhunjọ gba igba owó tó rún náà báyìí, bí wọ́n ṣe wà, kó má sì ṣe gbé áyọ́ọ̀nù lé owó kankan mọ́ láyé rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ká a mọ́ ọn, oṣù kan gbáko ni yóò fi wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọn kò lọ̀ káàkiri ìgboro. Ìyàwó rẹ̀ jẹ̀bi ẹ̀tàn ọdún mẹ́ta. Ìjìyà tirẹ̀ ni pé ìdajì ṣọ́ọ̀bù di tirẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni yóò wà níwájú, páálí owó yóò sì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Akọ̀wé báǹkì ní tirẹ̀ yóò lọ sí ilé ìjòyè àgbà, yóò máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ibi mẹ́ta náà fún un títí yóò fi yé e. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bu owó ìtanràn lé òun. Kábíyèsí kò gbà.

Ọ̀gá báǹkì sáré lọ kó owó náà wá. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù nígbà tí onílé wọlé. Ó fi itọ́ tọ́ ìka, ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó pé. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó. Lẹ́yìn náà ló ká owó náà sí méjì, ó tún un ká, ó fún un mọ́wọ́, ó sì kì í bọ inú bàtà rẹ̀, ó wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bàbá Máhunjọ ké ìké kékeré kan. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, kò sì jù ú sílẹ̀ títí onílé fi jáde ní ẹnu ọ̀nà.