Àṣẹ Baálẹ̀ Agbóńlé Lórí Ọ̀nà Tí Ẹ̀rọ Ní Kò Sẹ́ni Tó Ń Gbà

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Agbóńlé, lọ́mọdé, lágbà! Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀! Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kó ní òun ń bọ̀! Àṣẹ tuntun ti dé! Àṣẹ tuntun ti dé! Èyí tí mo ké lóṣù tó kọjá, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ má bi mí ní ìdí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín, ẹ ó bi mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Ẹ mọ Jọláadé, ọmọ Akínbọ̀dé tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó ń kàwé fún oyè kejì ní yunifásítì: ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń to ìlú, àti bí ẹ̀rọ ṣe ń sọ ìlú di ọlọ́gbọ́n. Ìlú tiwa yìí ló mú fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ó so ẹ̀rọ ayàwòrán méjìlá mọ́ òpó iná, kí wọ́n máa ka iye ẹni tó ń gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn.

Oṣù kan pé, èsì jáde. Ọ̀nà Ọjà Àgbàdo: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn lójúmọ́! Ọ̀nà oko tó gba ilé Ìyá Ẹ̀bùn agbẹ̀bí: ènìyàn mẹ́rin! Mẹ́rin péré! Baálẹ̀ dìde lórí àga. Àwọn ìjòyè pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí a fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí ọ̀nà tí kò wúlò, kí a kọ́ Gbọ̀ngàn Ìlú Ọlọ́gbọ́n síbẹ̀. Èmi ni mo ké e. Ohùn mi dùn lọ́jọ́ náà. Ó ya Jọláadé lẹ́nu pé wọ́n yára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oríyìn ń pa á bí ọtí, ó panu mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ó lọ wo ẹ̀rọ rẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bá Ṣìjúadé, ìyàwó Làmídì, níwájú wáyà. Ọmọ ti ń bọ̀! Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gba ọjà yí ká, wákàtí kan ni kí wọ́n tó dé ilé Ìyá Ẹ̀bùn. Jọláadé fi ọwọ́ lásán fa wáyà náà, ó fà á lọ́wọ́ ya, kò já. Ó figbe bọnu. Ìyá Ẹ̀bùn, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ló fàyà fà gba abẹ́ wáyà kọjá. Orí koríko ni wọ́n ti gbẹ̀bí. Obìnrin ni. Ìyá yè, ọmọ yè.

Nígbà tí Ìyá Ẹ̀bùn fọwọ́ tán, ó kọjú sí Jọláadé.

“Ta ló ní ẹnikẹ́ni kì í gba ibí?”

“Ẹ̀rọ ni, mà.”

“Ẹ̀rọ náà ti ru igi rí?”

Jọláadé sáré lọ sílé. Ó délé, ó tú àwòrán ẹ̀rọ náà wò. Àṣé orí ènìyàn ni wọ́n kọ́ ọ láti máa dá mọ̀ látòkè. Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀, igi ló wà lórí wọn, tàbí abọ́ ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rọ rí igi. Ẹ̀rọ rí abọ́. Kò rí ìyá ẹnì kankan. Ní Ọjà Àgbàdo ẹ̀wẹ̀, ó ń ka ewúrẹ́ mọ́ ènìyàn!

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ó lè dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó lọ kúnlẹ̀ láàfin.

“Ẹ̀yin bàbá, mo ṣì í kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ọ̀nà náà.”

Ọ̀tún ní ọ̀rọ̀ ò le: kí àwọn obìnrin máa sọ ẹrù kalẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, kí wọ́n gbójú sókè, kí wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Rárá, sà,” ni Jọláadé wí. “Ẹ̀rọ ló yẹ kó kẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe àwọn ìyá wa.”

Baálẹ̀ ní kí wọ́n ká wáyà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí Jọláadé fojú ara rẹ̀ kà. Abẹ́ igi kajú ló jókòó sí, pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ó tó irinwó ènìyàn lójúmọ́! Ọ̀jọ̀gbọ́n dé, ó wò ó, ó ní iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n kó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀: oṣù mẹ́fà sí i. Jọláadé sunkún díẹ̀. Ó nu ojú, ó ra ìwé mìíràn.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ!

Èkíní: wáyà ò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́. Ààfin ò ṣìṣe o! Ààfin yí ọkàn padà ni! Ẹni tó bá ní ààfin ṣìṣe, yóò fi eyín ká wáyà tó kù.

Èkejì: gbogbo ewúrẹ́ tí ẹ̀rọ kà sí ará ìlú, a ti yọ wọ́n lóyè. Èyí tó bá ṣagídí, yóò di ọbẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ẹni tó bá ní kí obìnrin rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ, yóò rẹ́rìn-ín sí ògiri ààfin fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ méje gbáko!

Ẹ̀kẹrin: ẹni tó bá fẹ́ tún ọ̀nà kan tò nílùú yìí, ìbáà gba oyè mẹ́wàá, yóò kọ́kọ́ ru igi gba ọ̀nà náà láti oko délé. Àwọn ìjòyè ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀la ni! Àárọ̀ kùtù ni!

Ọ̀tún ti ránṣẹ́ pé ìbàdí ń dun òun. Baálẹ̀ ti fèsì: Ìyá Ẹ̀bùn mọ ìtọ́jú ìbàdí dáadáa. Kí Ọ̀tún rọra máa lọ bá a, kó sì ru igi tirẹ̀ dání.

Ẹnu mi kọ́ ló dá a, ẹnu mi ló gbé e dé. Ẹni tó gbọ́, kó jí ẹni tó sùn. Mo ti kọjá o!